Ẹ̀jẹ̀ Nọ́ńbà Mọ́kànlélógójì

Qeqertannguaq,
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì, 2021.

Arnannguaq, ọmọ mi,

Báwo lara rẹ? Báwo ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì? Báwo sì ni òtútù Copenhagen, èyí tí ẹ̀yin ará ibẹ̀ ń pè ní òtútù? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Oòrùn ti padà sọ́dọ̀ wa lẹ́yìn òkùnkùn oṣù mẹ́ta. Gbogbo ìlú jáde sórí àpáta láti kí i káàbọ̀, Enok sì ṣí fìlà rẹ̀, títí mo fi pariwo mọ́ ọn pé kó dé e padà kí òtútù má bàa jẹ ẹ́ létí. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún báyìí. Láti ọjọ́ tí a ti fún Enok, ọmọ Severin ẹ̀gbọ́n rẹ, ní orúkọ bàbá rẹ, lọ́sẹ̀ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, tí orúkọ sì gbé e padà wá bí ìṣe wa, n kò rí ohun tó yàtọ̀ lára ọkọ mi. Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà ló ṣì ń jà lé lórí, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu náà ló ṣì fi ń jẹran. Lánàá ló bi mí pé ìgbà wo ni ọmọbìnrin òun máa ti Denmark dé. Mo ní kó bi ìwọ fúnra rẹ.

Mo mọ̀ pé o máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti fóònù tó ń já nígbà tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ń rán bàtà awọ fún Severin, mo sì tan rédíò. Mo gbọ́ ohùn kan tí mo mọ̀. Dókítà Ravnborg ni, ọkùnrin gígùn tó wá síbí ní 2008, tó fa ẹ̀jẹ̀ àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta nínú kíláàsì ilé ìwé, tó fún kálukú wa ní káàdì tó ní nọ́ńbà. O rántí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jẹun nílé wa, mattak tó dùn jù lọ lára ẹja ńlá tí bàbá rẹ pa ni mo gé fún un, awọ àti ọ̀rá rẹ̀ pọ̀.

Ó ń sọ lórí rédíò, wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, pé àwọn ti rí ìdí tí àtọ̀gbẹ fi ń pọ̀ láàárín wa. Ó ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún ni àwọn baba ńlá wa fi jẹ ẹran òkun àti ọ̀rá nínú òtútù yìí títí ara fi yí padà sí i, pé ọ̀rá tó máa pa ẹlòmíràn kò ṣe wá ní nǹkan kan, òun gan-an ló ń mú wa móoru. Ó ní ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú wa tó jẹ́ pé bí ìyẹ̀fun àti ṣúgà bá wọlé, ara wọn kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Inú ẹ̀jẹ̀ ni ṣúgà ń jókòó sí, á sì di àtọ̀gbẹ. Ó wá ní, "Ọkùnrin kan wà, nọ́ńbà mọ́kànlélógójì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ là wá lójú. Ó ṣeni láàánú pé ó ti kú."

Mo fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo dìde lọ wò ó. Káàdì bàbá rẹ ṣì wà nínú Bíbélì mi. Mọ́kànlélógójì ló wà lára rẹ̀.

Arnannguaq, ọkùnrin yìí mọ̀. Ó mọ̀ nígbà tí yìnyín kò le mọ́, tí bàbá rẹ ta àwọn ajá tó ń fa ọkọ̀ ọdẹ rẹ̀ lórí yìnyín, tó lọ ń gbé àpótí ní ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń jẹ ohun tí ṣọ́ọ̀bù ń tà: búrẹ́dì, bisikíìtì, jáàmù, omi aláwọ̀ pupa inú ìgò. Ó mọ̀ nígbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó mọ̀ nígbà tí ojú rẹ̀ lọ, tó ń fi ọwọ́ wá ojú mi kó tó lè bá mi sọ̀rọ̀. Ó mọ̀, ó sì panu mọ́.

Lọ bá a. Ìlú kan náà lẹ jọ ń gbé. Sọ fún un pé mo fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi padà, mo sì fẹ́ kí ojú tì í níṣojú àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìyá rẹ,
Bibiane.


Copenhagen,
Ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta, 2021.

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ bá mi kí wọn, kí ẹ sọ fún wọn pé mo ra ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ òféfé fún wọn, ó ń bọ̀ nínú àpótí tó tẹ̀ lé lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi kí Severin náà. Bí ẹja gbígbẹ bá ṣẹ́kù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́. Èyí tí wọ́n ń tà níbí dà bí páálí.

Iṣẹ́ wà, a dúpẹ́. Ilé àwọn arúgbó náà ni mo ṣì wà. Méjìlá nínú wọn ni mò ń gún lábẹ́rẹ́ ṣúgà láràárọ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ yín. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ yìí kò rí bí ẹ ṣe rò ó. Nọ́ńbà ni wọ́n ń rí, wọn kì í rí orúkọ. Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀. Ó sì tó ọdún mélòó kan kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n ń wò. Bàbá kì í ṣe oníjà ènìyàn nígbà ayé wọn àkọ́kọ́, wọn ò sì jà ní ti ìsinsìnyí, àfi torí àga. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Arnannguaq.


Qeqertannguaq,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kẹta, 2021.

Arnannguaq,

Ìbọ̀wọ́ dé, ó bá a mu, ó ń wọ̀ ọ́ sùn. O ṣeun. Ẹja gbígbẹ wà lára òkùn, ìgbà tí mo bá rí i pé ọmọ mi ló ń jẹ ẹ́ ni n ó fi í ránṣẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá Dókítà Ravnborg ló fọwọ́ sí i. "Ọ̀tọ̀ lẹni tó ń tọ́jú ìwé orúkọ, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń wo ẹ̀jẹ̀." Ẹni tó jẹ mattak mi ńkọ́, òun náà jẹ́ ẹlòmíràn ni? Ọwọ́ kan náà tó fi fa abẹ́rẹ́ ló fi gba àwo lọ́wọ́ mi.

Ìwọ tó o jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ò ń gún àwọn arúgbó Denmark lábẹ́rẹ́ láràárọ̀, ta ló gún bàbá rẹ? Èmi ni. Èmi tí n kò lè ka ìlà ara abẹ́rẹ́ láìsí jígí ojú. Ìgbà tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ́sípítù Upernavik, o kọ̀wé pé o ní ìdánwò. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo tún ní kó o ṣe ohun kan ṣoṣo fún un, o ń sọ fún mi pé kì í ṣe oníjà. Èmi oníjà ni. N ó gbẹ̀san yìí kí n tó kú, bí o bá bá mi lọ́wọ́ sí i, bí o kò sì bá mi lọ́wọ́ sí i.

Kọ̀wé sí i, ní èdè rẹ̀, kó o fi orúkọ mi sí i. Ìyẹn kò le jù.

Ìyá rẹ.


Copenhagen,
Ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún, 2021.

Màámi,

Ẹ kú àìrójú mi. Mo ti kọ̀wé sí i bí ẹ ṣe ní. Ó fèsì láàárín ọjọ́ méjì. Ó ní òun kẹ́dùn gan-an, àmọ́ òfin ni pé ẹni tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè gbà á padà, ẹni náà sì ti kú. Ó ní òun ń bọ̀ wá sí Qeqertannguaq nínú oṣù Kẹjọ láti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé, àwọn akọ̀ròyìn á sì bá òun wá. Ó bi mí bóyá mo lè wá ṣe ògbufọ̀. Mo ní mi ò ráàyè.

Ẹ jọ̀ọ́, bó bá dé, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ kó lọ. Mo bẹ̀ yín.

Arnannguaq.


Qeqertannguaq,
Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún, 2021.

Ọmọ mi,

Inú mi dùn lọ́jọ́ tí lẹ́tà rẹ dé débi pé mo se ẹran séèlì inú òkun fún ojúlé mẹ́rin. Ẹni tó fún wọn ní ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè gbà á padà! Ṣé ohun tó sọ nìyẹn? Ṣé ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fọwọ́ sí i? Ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Mo pe Enok, mo gbé e jókòó sórí àga rẹ̀. Mo ní, "Ọkọ mi, ṣé o rántí ọkùnrin gígùn tó fa ẹ̀jẹ̀ rẹ?" Ó ronú, ó ní, "Ṣé ó dùn mí?" Mo ní rárá, o kàn rẹ́rìn-ín ni. Ó ní, "Ṣé ó ti dá a padà?" Mo ní kò tíì dá a padà. Ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Kí ló ń fi ẹ̀jẹ̀ mi ṣe?" Severin wà níbẹ̀, òun náà gbọ́. Mo kọ lẹ́tà náà, Enok ti ọwọ́ bọ inú dúdú ìdí ìkòkò, ó sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Mo fi káàdì nọ́ńbà mọ́kànlélógójì há a.

Kò mọ síbẹ̀. Mo ti wọ gbogbo ilé tó wà ní erékùṣù yìí. Nínú àwa mẹ́tàlélọ́gọ́ta, mọ́kàndínláàádọ́ta ló ṣì wà láàyè, àwọn mẹ́sàn-án ti padà wá nínú orúkọ àwọn ọmọ. Gbogbo wọn ló fọwọ́ sí i pé àwọn ń gba ẹ̀jẹ̀ àwọn padà. Àwọn márùn-ún tó kù kò tíì rí ẹni tó máa jẹ́ orúkọ wọn, a sọ pé ká fi wọ́n sílẹ̀ fún un, kó máa fi wọ́n ṣeré.

Jẹ́ kó wá. Jẹ́ kó kó àwọn akọ̀ròyìn rẹ̀ wá.

Bibiane, ìyá rẹ tí inú rẹ̀ dùn.


Copenhagen,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹfà, 2021.

Màámi,

Ẹ̀rù ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ń bà mí. Ọkùnrin yẹn ti dàgbà, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún. Ọdún mẹ́tàlá ayé rẹ̀ ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní mo wà lẹ́yìn rẹ̀. N kò sí lẹ́yìn rẹ̀. Mo kàn mọ̀ pé kò pa Bàbá.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Arnannguaq.


Qeqertannguaq,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ, 2021.

Arnannguaq,

Mo kí ọ o. Mo rí lẹ́tà rẹ tó kọjá gbà. Jókòó kí n ròyìn.

Ọkọ̀ ojú omi gbé e dé lọ́jọ́ kọkàndínlógún, òun àti àwọn méjì tó gbé kámẹ́rà, ọ̀kan nínú wọn ń ṣe ògbufọ̀ fún un. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó na ọwọ́ sí mi létíkun, ó ní, "Bibiane!" bí ẹni pé à ń retí rẹ̀. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo ní kó máa bọ̀ wá jẹun.

O mọ̀ pé àlejò kì í wọlé wa kó má jẹ ẹran. Mo gbé tábìlì kalẹ̀. Mo gbé àwo ṣúgà síwájú rẹ̀, mo gbé bisikíìtì, mo gbé búrẹ́dì pẹ̀lú jáàmù, mo po kọfí tó dùn débi pé ṣíbí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró nínú rẹ̀. Èmi àti Severin àti Enok gbé mattak tiwa sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo fi ọ̀bẹ ulu mi gé e wẹ́wẹ́, a ń jẹ. Ó ń wo ẹran. N kò wo ojú rẹ̀. Ó jẹ bisikíìtì méjì, ó dúpẹ́, ó lọ sí ilé kejì. Ṣúgà. Ilé kẹta, ṣúgà. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò, kò sí ilé kan tó fún un ní ẹran tàbí ẹja, kódà ìyá àgbà Sofiannguaq tí kì í lè bá ènìyàn jà gbé jáàmù jáde. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn oníkámẹ́rà lọ tọrọ ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja létíkun. Wọ́n ní kó lọ bi dókítà rẹ̀ bóyá ó bá ara rẹ̀ mu.

Lọ́jọ́ kẹrin, a péjọ sínú ilé ìwé. Kò sí òbí kan tó mú ọmọ wá fún abẹ́rẹ́. Mo kó ìwé náà jáde, ọwọ́ méjìdínlọ́gọ́ta. Kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́. Enok dìde, ó rìn lọ bá a, ó ní, "Dá ẹ̀jẹ̀ mi padà fún mi." Dókítà bi Severin pé ta ni ọmọ yìí. Severin ní, "Nọ́ńbà mọ́kànlélógójì ni. Ẹ ní òun nìkan ló lè gbà á padà, òun náà rèé."

Arnannguaq, ọkùnrin yẹn jókòó lórí àga àwọn ọmọdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo wò ó. N kò parọ́ fún ọ, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi dé inú egungun.

Ó gbé ìgò kékeré kan jáde nínú àpótí tútù, ó ti gbé e wá tẹ́lẹ̀ láti Denmark nítorí lẹ́tà tí o kọ sí i, ó fà á lé Enok lọ́wọ́. Ó ní ìyókù yóò tẹ̀ lé e. A ti sin ín sábẹ́ òkúta lórí sàréè bàbá rẹ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń ta mí lára. Kó tó wọkọ̀, ó dojú kọ mí, ó ní, "Bibiane, mo kọ̀wé sí Enok. Ní oṣù Karùn-ún 2010, nígbà tí mo rí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá wa láti ṣí ìwé orúkọ nítorí tirẹ̀ nìkan. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ẹnì kan fọwọ́ sí i ní ṣọ́ọ̀bù yín, níbi tí ẹ ti ń gba lẹ́tà, pé òun gbà á." Mo tu itọ́ sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Mo ní òpùrọ́ ni. Gbogbo etíkun gbọ́. Ó ní kí Severin gbé Enok lọ sí ọ́sípítù Upernavik fún àyẹ̀wò ṣúgà, ó sì wọkọ̀ lọ.

Ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ti jóná pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó mọ̀ pé n kò lè wádìí. Ó ní ẹ̀dà ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí wà lọ́fíìsì òun. Lọ síbẹ̀. Ní kó fi hàn ọ́. Nígbà tí kò bá rí nǹkan kan fi hàn, kọ ọ́ sí mi, n ó jẹ́ kí rédíò kà á fún gbogbo ilẹ̀ wa pé òpùrọ́ ni. Ibẹ̀ ni ẹ̀san mi parí sí.

Ìyá rẹ.


Qeqertannguaq,
Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹwàá, 2021.

Arnannguaq,

Ọ̀sẹ̀ méje rèé. Ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn lọ́dún yìí ti lọ, omi ti ń dì létíkun. Mo pè ọ́ lórí fóònù nígbà mẹ́fà. Ó ń dún, o kò gbé e. Ṣé ara rẹ yá? Bí ara rẹ bá yá, kí lo ń ṣe? Ìrìn ìdajì wákàtí ni láti ilé rẹ dé ọ́fíìsì rẹ̀, o ti sọ ọ́ fún mi rí.

Ṣé ó fún ọ ní nǹkan ni? Àbí òun lo fẹ́ fẹ́?

Fèsì.

Ìyá rẹ.


Copenhagen,
Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá, 2021.

Màámi,

Mo kí yín. Ara mi yá.

Mo lọ. Ẹ̀dà ìwé náà wà níbẹ̀. Dókítà gbé e síwájú mi, ó jáde kúrò nínú yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Orúkọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni orúkọ mi.

Mo ti mọ̀ kí n tó lọ. Láti ọjọ́ tí ẹ ti kọ̀wé nípa rédíò ni mo ti mọ̀ pé yóò dé ibi yìí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Mo lọ ra ìṣáná ní ṣọ́ọ̀bù. Ojoojúmọ́ ni mò ń béèrè bóyá lẹ́tà ti dé láti ilé ìwé gíga ní Aasiaat. Wọ́n fún mi ní àpò ìwé ńlá kan láti Denmark, wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i fún Bàbá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìwé ni. Mo ṣí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí wọ́n ń so àwọn ajá mọ́.

Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Pé kí Bàbá fi ìyẹ̀fun àti ṣúgà sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n padà sí ẹran òkun. Pé kí wọ́n máa lọ sí Upernavik lóṣù mẹ́ta mẹ́ta. Pé kí ẹnì kan nínú ilé tó gbọ́ èdè Denmark máa ṣọ́ oúnjẹ wọn, kó máa bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀. Ta ló gbọ́ èdè Denmark nínú ilé wa? Ẹ̀yin kò gbọ́ ọ. Severin kò dúró sí kíláàsì. Mo mọ ohun tí lẹ́tà yẹn túmọ̀ sí fún mi. Ó túmọ̀ sí pé n kò ní lọ sí Aasiaat. Ó túmọ̀ sí pé inú Qeqertannguaq ni n ó wà, n ó máa ka ohun tí Bàbá jẹ títí n ó fi darúgbó.

Mo gbé e lọ síbi ààtàn, mo fi ìṣáná tí mo rà dáná sun ún. Mo délé, Bàbá wà nídìí tábìlì, wọ́n ń fi búrẹ́dì jẹ jáàmù, wọ́n sì gé díẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́. Ara wọn le nígbà náà, Màámi. Mo sọ fún ara mi pé wọ́n á rí dókítà mìíràn tó máa sọ fún wọn. Inú oṣù Kẹjọ ni mo lọ.

Ní ti ìdánwò ọjọ́ tí wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, kò sí ìdánwò kankan. N kò lè wo ojú wọn ni.

Ẹni tí ẹ ń wá nìyí. Ẹ ṣe mí bó bá ṣe wù yín. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún Bàbá. Ọmọdé ni wọ́n.

Arnannguaq.


Qeqertannguaq,
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kìíní, 2022.

Arnannguaq,

N kò kí ọ.

Lẹ́tà rẹ dé ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Lẹ́yìn tí mo kà á, mo gba orí yìnyín lọ, mo gbẹ́ ihò, mo sọ ìwọ̀ sí i, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà nínú àgọ́ ẹja. Severin rò pé mo ti kú, ó wá mi wá. Mo ń ronú ohun tí n ó fi ọ́ ṣe. Mo ro ohun púpọ̀. Mo rò pé n ó pa orúkọ rẹ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọmọ ní Arnannguaq lẹ́yìn ikú rẹ, kó o kú kó o kú tán. Mo rò pé n ó kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ rẹ, kí àwọn arúgbó yẹn mọ ẹni tó ń gún wọn lábẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ kéré lójú mi.

Mo ti fi mattak ránṣẹ́ sí Dókítà Ravnborg, odindi ìhà kan. N kò tọrọ àforíjì. Ì bá ti kọ ọ́ ní èdè wa, ì bá sì ti wá fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo jẹ ẹ́ ní oúnjẹ àlejò, mo ti san án.

Severin gbé Enok lọ sí Upernavik nínú oṣù Kọkànlá. Wọ́n fún un ní omi ṣúgà mu, wọ́n gún un ní ìka léraléra. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ náà ni. Ohun ìjogún inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fa àìsàn náà, ìyàwó Severin fún un ní ọ̀kan, Severin fún un ní ọ̀kan, ó pé méjì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní bó bá ń jẹ ẹran òkun bíi ti àwọn ará ìgbàanì, kò sí ohun tó máa ṣe é. Ó ní bó bá ń jẹ ohun inú ṣọ́ọ̀bù, òun kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà ogójì ọdún fún un. Ó wá bi wá pé ta ni yóò máa ṣọ́ ọ. Severin ń lọ sójú omi. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹja láti òwúrọ̀ dalẹ́. Èmi, ojú mi ti ń lọ. Ọmọ yìí sì fẹ́ràn bisikíìtì ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ, ó ń tọrọ rẹ̀ kiri ojúlé, àwọn ènìyàn sì ń fún un nítorí ojú bàbá rẹ tí wọ́n ń rí.

Nígbà náà ni mo mọ ohun tí n ó fi ọ́ ṣe.

O máa padà wálé. Ilé ìtọ́jú tó wà níbí kò ní nọ́ọ̀sì láti ọdún méjì, Severin ti bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n ti fi orúkọ rẹ sí i. Ilé yìí ni o máa gbé. O máa bó séèlì, o máa gé e, o máa gbé e síwájú bàbá rẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. O máa ka gbogbo ohun tó bá wọ ẹnu rẹ̀. Á sunkún bisikíìtì mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, o kò ní fún un. Á kórìíra rẹ, o kò ní lọ. Nígbà tó bá di géńdé tó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwọ ọmọ òun lo ń ṣọ́ òun, o ṣì máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ rẹ àti ìwé rẹ. Èmi á ti kú nígbà yẹn. Títí o fi máa darúgbó, ìwọ lo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí o sun ìwé yẹn nítorí rẹ̀, òun náà ni o máa ṣe.

O ní kí n má sọ fún un. Mo ti sọ fún un. Mo gbé e jókòó sórí àga rẹ̀, mo ka lẹ́tà rẹ fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tirẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà, òun ni wọ́n kọ ìwé tí o sun sí ní 2010, ó sì tọ́ sí i kó gbọ́. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ṣé ó sun gbogbo rẹ̀?" Mo ní gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ọjọ́ wo lo ń dé.

Má kọ lẹ́tà mìíràn sí mi, n kò ní ṣí i. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, èmi àti bàbá rẹ máa wà níbi tí hẹlikópítà ń balẹ̀ sí.

Bibiane.